Kí Lo Rí Níwájú?

N kò fẹ́ràn òkè gígùn rárá. Láti àárọ̀ títí dalẹ́ ni mo fi ń dúró lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ, ẹsẹ̀ mi ti rí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ mi, tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, ti ṣèlérí fún ọmọ wa pé á rí gbogbo ìlú láti òkè lọ́jọ́ Sátidé. Òkè náà ò le. Wọ́n ti to òkúta sí i bí àtẹ̀gùn, àwọn ìyálọ́mọ sì ń pọn ọmọ gùn ún.

Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé náà la gbé lọ, torí ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló máa ń gbé e sí lópin ọ̀sẹ̀. Iwájú rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú. Ọkọ mi ní ẹnì kan ló fi ẹ̀yìn ọkọ̀ gbá a níbi tí òun gbé e sí.

Ọmọ ọdún méje lọmọ wa. Agbẹnusọ là ń pè é, torí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Tí wọ́n bá ń lọ sílé-ìwé láràárọ̀, ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ níwájú ló máa ń jókòó sí, wọ́n sì ní eré kan tí wọ́n máa ń ṣe. Bàbá á ní, "Kí lo rí níwájú?" Ọmọ á ní, "Kẹ̀kẹ́ kan, lápá ọ̀tún," tàbí, "Iná ti pọ́n." Bàbá á tẹ bíréèkì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí a fi dé ìsàlẹ̀ òkè. Èmi tí mo wà lẹ́yìn ń rẹ́rìn-ín, mo ní àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń wakọ̀.

Bí a ṣe ń gun òkè, ọkọ mi gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọ, kò sì gbé e kúrò. Inú mi dùn. Mo ní ìfẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí a dókè, kùrukùru ti bo ìsàlẹ̀ pátápátá. A ò rí ìlú, a ò rí ọ̀nà, àní igi tó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wa, a ò rí i. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé a kàn fìyà jẹ ara wa lásán ni, ni ọkọ mi bá di irin tí wọ́n fi ṣọgbà yí ibẹ̀ ká mú, ó na ìka síwájú.

"Ẹ wo bí ojú ọjọ́ ṣe mọ́," ó ní. "Òrùlé ilé wa nìyẹn. Ilé-ìwé nìyẹn lápá òsì."

Mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo wo ojú rẹ̀, kò sẹ́rìn-ín níbẹ̀.

"Dádì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀," Agbẹnusọ ní. "Kùrukùru ni."

Ọwọ́ ọkọ mi rọra wálẹ̀. Mo rántí tíì tó máa ń dà sórí tábìlì, tí mo máa ń bú u pé kì í fara balẹ̀. Mo rántí eré tí mo ń fi rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ tó ń kún bọ́ọ̀sì yẹn láràárọ̀, ojú ọmọ ọdún méje ló ń gbé wọn lọ.

"Láti ìgbà wo, Bàbá Agbẹnusọ?"

"Ó kàn ń ṣe bàìbàì ni. Mo mọ ọ̀nà yẹn bí ẹni mowó."

"Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Kí la ó wá máa jẹ?"

"Mo ní kẹ́ ẹ mú un wá."

Inú ń bí mi, àánú rẹ̀ sì tún ń ṣe mí. Ó fi kọ́kọ́rọ́ náà lé mi lọ́wọ́.

Agbẹnusọ bú sẹ́kún. Ó rò pé òun lòun ṣẹ̀.

"Mọ́mì, mo máa ń sọ gbogbo ẹ̀ dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sùn lọ, lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tá à ń bọ̀ wálé. Bọ́ọ̀sì gbá nǹkan. Dádì ní ajá ni."

Mo yíjú sí ọkọ mi.

"Ṣé ẹ sọ̀ kalẹ̀ wò ó?"

Ó ṣì di irin náà mú, ó kọjú sí kùrukùru.

"Mo sọ̀ kalẹ̀," ó ní. "Mo wò ó títí. N ò rí nǹkan kan."