Ahọ́n Atọ́wò

Níbi iṣẹ́, Atọ́wò ni gbogbo wọn ń pè é. Ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá wọn kì í sì í jẹ́ kí nǹkan kan jáde fún títà láìjẹ́ pé ọkùnrin yìí ti kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bí adùn bá dín bíńtín, á mọ̀. Bí iyọ̀ bá lé, á mọ̀. Àtìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú kirikiri ló ti ń fi ahọ́n jẹun báyìí, nílé pàápàá, tíì rẹ̀ máa ń dùn débi pé ṣíbí fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì kan wá yẹ gbogbo òṣìṣẹ́ wò, ó gún un níka, ó wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ó ní ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ní kò tíì di àtọ̀gbẹ, àmọ́ ọ̀nà ibẹ̀ ló dorí kọ, kí ó jáwọ́ nínú ṣúgà. Èrò pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sí àyè àlàyé.

Atọ́wò kì í ṣe olórí kunkun. Ọjọ́ yẹn gan-an ló ní kí ìyàwó rẹ̀ kó agolo ṣúgà kúrò nílẹ̀. Àmọ́ tíì lásán kọ̀, kò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ògiri kan ṣoṣo pààlà ilé wọn, gbé ìgò oyin wá, ó ní oyin kì í ṣe ṣúgà, kòkòrò ló ṣe é, kì í ṣe ẹ̀rọ. Nígbà tó sì ti jẹ́ pé oògùn ni, Atọ́wò kò fi ṣahun. Oníbàárà kan sọ fún ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, nípa hóró funfun kékeré kan tó ń dùn láìjẹ́ ṣúgà. Ìyàwó rà á. Ó dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń korò díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀fun, ohun tó sì lè dùn kó má jẹ́ ṣúgà kò yé Atọ́wò rárá. Òun fúnra rẹ̀ rí júùsì inú páálí tí wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé a kò fi ṣúgà sí i. Ló bá ń mu ún bí omi.

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ dáadáa nígbà tó padà lọ bá nọ́ọ̀sì. Ẹ̀rọ ní ṣúgà tún ti lọ sókè. Ó ní kí wọ́n gún ìka mìíràn, ìka mìíràn náà kò gbè é.

Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, mi ò fẹnu kan ṣúgà. Ẹ bi ìyàwó mi.”

Nọ́ọ̀sì béèrè ohun tó ń mu, Atọ́wò sì ka gbogbo rẹ̀ fún un. Nọ́ọ̀sì wá rọra ṣàlàyé pé ohun tí ṣúgà ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀ ni oyin náà ń ṣe. Ti júùsì, òótọ́ ni pé wọn kò da ṣúgà sí i, àmọ́ ṣúgà wà nínú ọsàn fúnra rẹ̀, ọsàn rẹpẹtẹ ni wọ́n sì fún sínú páálí kan, tí wọ́n sì da èyí tó yẹ kéèyàn jẹ lára rẹ̀ nù. Hóró funfun yẹn kì í gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ahọ́n gbàgbé adùn.

Atọ́wò fọwọ́ họ orí. “Ṣé ohun tí wọ́n ní kì í ṣe ṣúgà wá ni ṣúgà, èyí tó dùn bíi ṣúgà wá ni kì í ṣe ṣúgà?”

“Ẹ fi orúkọ wọn sílẹ̀, bàbá. Ẹ máa dín adùn kù díẹ̀díẹ̀ títí ara yín á fi gbà á. Ẹ jẹ ọsàn fúnra rẹ̀. Tí òùngbẹ bá ń gbẹ yín, omi ni.”

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Tíì rẹ̀ ń korò sí i, òun náà ń fara dà á, títí tí kò fi mọ ìgbà tí kò korò mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló tọ́ búrẹ́dì wò níbi iṣẹ́, ló bá tu ú dànù. Ó ní obìnrin tó ń po ìyẹ̀fun ti da ṣúgà sí i ní ìlọ́po méjì. Obìnrin náà, jẹ́jẹ́ rẹ̀ ló máa ń ṣe, ní òun kò yí nǹkan kan padà. Atọ́wò ní irọ́ ni. Obìnrin náà tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n lójú wọn, ọ̀gá jẹ nínú búrẹ́dì náà, ó ní bó ṣe máa ń rí náà ló rí. Atọ́wò délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ahọ́n òun ti bàjẹ́, iṣẹ́ ti bọ́.

Ìyàwó kò gbójú sókè lára aṣọ tó ń rán. “Ahọ́n yín ò bàjẹ́ o. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn ni.”

Ìyẹn náà kò tù ú nínú. Bí èyí bá jẹ́ ahọ́n tó gbádùn, ta ló ti wá ń tọ́ búrẹ́dì wò láti gbogbo ọdún yìí wá?

Lọ́jọ́ kejì ó bẹ obìnrin náà, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá. Ó ti ń retí kí wọ́n lé òun. Ọ̀gá ní kí ó po ìyẹ̀fun díẹ̀ bí ahọ́n rẹ̀ tuntun ṣe fẹ́ ẹ. Wọ́n yan án, wọ́n sì tò ó sórí káńtà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn kan béèrè ohun tó dín nínú rẹ̀, àwọn mìíràn padà wá béèrè èyí tí wọ́n rà lánàá. Ọ̀gá kò mọ èwo ni kó mú, ló bá ń yan méjèèjì. Obìnrin tó ń po ìyẹ̀fun ló ń tọ́ ti àtijọ́ wò, Atọ́wò ń tọ́ tuntun.

Nígbà tó tún lọ gún ìka, ṣúgà ti wálẹ̀. Ó bi nọ́ọ̀sì pé èwo nínú gbogbo ohun tí òun ṣe ló mú un wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ gbogbo rẹ̀, kí ó ṣáà máa bá a lọ. Atọ́wò dúpẹ́, ó jáde síta, ó sì dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò tíì yé e.