Baba Ọmọ Inú Báfù

Kúnmi ò fi bò fún mi: bí mímú ẹja bímọ yìí bá tún bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, òun á wá mú akọ òun padà. Ọmọ yunifásítì ni Kúnmi, òun ló yá mi ní akọ bẹ́tà, ẹja ọ̀ṣọ́ pupa kan tí lẹbẹ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí ìborùn.

"Àǹtí Àsmá'ù, aṣọ ni kẹ́ ẹ máa rán. Ẹja kì í ṣe búbù."

"Ta ló kọ́ mi ní búbù? Mo tú ti ẹlòmíì palẹ̀, mo wò ó, mo rán tèmi. Màá wo ẹja yìí títí yóò fi yé mi."

Lóòótọ́, mo ti ṣìṣe. Ìgbà àkọ́kọ́, ọjọ́ kan náà ni mo da akọ àti abo pọ̀. Kí n tó fi òwú bọ abẹ́rẹ́, akọ ti fa abo ya. Ìgbà kejì, omi jìn jù. Ẹyin ń rì, baba ń mòòkùn títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Abo kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́.

Lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbọ́n. Mo pọn omi kànga, mo jẹ́ kó sinmi lọ́jọ́ méjì, mo bu ú sínú báfù, kò jìn ju ìka mi lọ. Mo fi ewé fúrúùtù gbígbẹ lé e títí omi fi pọ́n bíi tíì. Mo kó ojú oró sí igun kan, kí abo lè ríbi sá sí. Mo gé orí ike omi tó mọ́ gaara, mo fi abo sínú rẹ̀ láàárín báfù: kí wọ́n ríra, kí wọ́n má fara kanra. Akọ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu fẹ́ ìfófòó jọ sábẹ́ ewé. Nígbà tí ilà yọ lára abo, tó tẹrí ba, mo mọ̀ pé ó ti ṣe tán, mo tú u sílẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé ni. Akọ wé mọ́ abo, ẹyin funfun ń já bọ́ bí iyanrìn, akọ ń he é sínú ìfófòó. Mo sọ aṣọ oníbàárà sílẹ̀, mo lóṣòó ti báfù bí ẹni tí wọ́n dè mọ́ ọn. Bí wọ́n ṣe parí, mo gbé abo padà sínú ike tirẹ̀, nítorí láti ìgbà náà lọ, ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ ìtẹ́ di ọ̀tá baba.

Láàárọ̀ Sunday, mo ń lọ sí àsálátù. Mo sọ fún ìyá Mùrí ọkọ mi pé, "Ìyá, ẹ má fọwọ́ kan báfù o." Obìnrin tó ti wẹ gbogbo ọmọ tuntun agboolé wa fún ọgbọ̀n ọdún. Ó yẹ kí n ti mọ̀.

Nígbà tí mo dé, ó jókòó ti báfù, inú rẹ̀ dùn.

"Mo ti dá ìyá padà fọ́mọ. Irú ilé wo lèyí, tí wọ́n gbé ọmọ tuntun ti baba, tí ìyá ń dá jókòó sínú ike?"

Àpò bọ́ lọ́wọ́ mi. Akọ ń lé abo kiri, ìrù abo ti ya, ìfófòó ti fọ́, ẹyin ti rì sísàlẹ̀. Mo fi asẹ́ gbá abo jáde. Ó ṣì ń mí.

Mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ fẹ́ẹ̀ pa á fún mi. Akọ ló ń tọ́jú ọmọ níbí."

"Ọkùnrin?"

"Ọkùnrin ni."

"Ọmọ méje ni mo bí fún bàbá Mùrí. Kò gbé ọ̀kan rí títí wọ́n fi wọ ilé kéwú."

Ibi tó ti ń sọ ọ́ ni akọ ti mòòkùn, ó gbé ẹyin kan sẹ́nu. Ìyá ki asẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ó ń jẹ wọ́n."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. N ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn wò ó." Àyà tèmi náà ń já, torí bí inú bá bí wọn, wọ́n ń jẹ ẹyin lóòótọ́.

Akọ léfòó. Ó ya ẹnu, ó tu ẹyin náà sínú ìfófòó. Ó tún mòòkùn. Ó tún gbé òmíràn. Ìyá gbé asẹ́ sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n pe ìrun Ayílà ló tó dìde níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Tuesday, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Àsmá'ù, wọ́n ti nírù."

Mo sáré jáde láìwé gèlè. Ẹyin ti di ọmọ, wọ́n rọ̀ lábẹ́ ìfófòó bí òwú tí wọn ò tíì gé létí aṣọ. Ọ̀kan bá já, baba á gbé e padà. Ẹsẹ̀ mi ò gbélẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ilé rọ́ dé, Ìyá ló ń dá wọn dúró: "Ẹ rọra. Ilé ọmọ tuntun lẹ wà."

Nígbà tó fi di ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n ti ń dá lúwẹ̀ẹ́. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí baba kúrò, kí ebi má sọ ọ́ di ajẹ́mọ. Ìyá gba asẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé akọ sínú ike mìíràn, ó fún un lóúnjẹ, ó sì fi pákó pẹlẹbẹ kan dínà láàárín ike rẹ̀ àti ti abo, kí wọ́n má ríra.

Kúnmi sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó dọ̀bálẹ̀.

"Wọ́n ní àwọn ọmọ náà lé ní igba. Ìyá, ẹ jẹ́ kí n mú akọ mi, kí n lọ gbìyànjú tèmi."

"Baba ọmọ lo fẹ́ mú lọ?"

"Ẹja mi ni, Ìyá."

"Mo gbọ́. Àwọn méjèèjì wà nínú ogójì ọjọ́ ìbímọ. Padà wá bí wọ́n bá jáde."

Kúnmi wò mí. Mo ki òwú bọ abẹ́rẹ́, mo ń rán búbù mi lọ.