Igi Tó Wà Lórí Sàréè Amos

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí Ìfẹ́táyọ̀ ti ń tọ́jú Signora Edith ní Padova. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni màmá náà. Ọkọ ló bá dé Ítálì, ọkọ sì ti kú tipẹ́. Lorenzo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń gbé ní Torino. Nígbà tí àìsàn dá màmá dùbúlẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí wọ́n wá sàréè Amos, bàbá bàbá rẹ̀, kí wọ́n lè sin eérú òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kì í ṣe èèyàn pàtàkì o," ló máa ń wí. "Màlúù olówó ló ń dà. Ṣùgbọ́n ó máa ń gbé mi kọ́rùn. Nígbà tí a kúrò lábúlé, a ò rí i mọ́."

Ìfẹ́táyọ̀ pe ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Arúgbó obìnrin tó gbé fóònù ti gbọ́ ìtàn Amos lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ilé àwọn aláìní ló kú sí, ó ní. Inú kòtò kan náà ni wọ́n ń da òkú wọn sí, láìsí òkúta, láìsí orúkọ. Títì ọlọ́dà tó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ti gba orí ibẹ̀ báyìí.

Nílé àwọn Ìfẹ́táyọ̀, a kì í tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí arúgbó tó ń ṣàìsàn létí. Ọmọ tó kú, wọ́n á ní ó rìnrìn àjò. Ilé tó wó, wọ́n á ní wọ́n ń tún un ṣe.

"Ṣé o rí i?" Signora bi í.

"Mo rí i, mà. Ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni, lábẹ́ igi ńlá kan. Orúkọ wọn wà lára òkúta."

"Amos, òkúta lórí? Ta ló rówó rà á?"

"Àwọn olówó tó ni màlúù yẹn ni. Wọ́n ní darandaran bíi tiwọn ò sí."

Màmá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Irọ́ náà dùn lẹ́nu Ìfẹ́táyọ̀. Nínú oríkì ìdílé tirẹ̀, kìnnìún ni gbogbo bàbá ńlá. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fi egungun kìnnìún han òun rí.

Olúrónkẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé gbọ́, ó mirí. "Ìwọ lo bí Amos ni? Bí wọ́n bá ní kó o mú àwọn débẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, wọn ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì."

"Ta ló sọ fún ọ pé òkú ń dìde kó tó rìnrìn àjò?"

Kò pẹ́ tí Lorenzo fi dé. Màmá ní kó yọ̀ǹda àyè òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ òun ní itẹ́ òkú, ìdílé mìíràn sì gbà á. Ìfẹ́táyọ̀ tẹ̀ lé Lorenzo dé ẹnu ọ̀nà láti jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n Lorenzo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, mi ò gbọ́ ẹ̀rín wọn," ló wí. Ìfẹ́táyọ̀ bá ṣílẹ̀kùn fún un, kò jẹ́wọ́ mọ́.

Màmá kú kí òtútù tó dé. Lorenzo gbé eérú lọ sí abúlé Amos.

Ọ̀sán ni fóònù dún.

"Mo wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì," Lorenzo wí. "Kò sí igi kankan níbí."

Ìfẹ́táyọ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Nínú fóònù, ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá, òmíràn ń tẹ̀ lé e. Ìfẹ́táyọ̀ wá mọ̀ pé ẹ̀bá títì tó bo Amos ni Lorenzo dúró sí.

Lọ́jọ́ Sunday, Lorenzo gbé ìkòkò eérú náà ka orí tábìlì wọn ní Padova, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ìrẹsì. Kò pariwo.

"Ìwọ lo mọ igi yẹn," ló wí. "Wá a fún wọn."

Ó sì jáde.

Olúrónkẹ́ kì í jẹun nínú yàrá náà mọ́. Ní àràárọ̀, kí Ìfẹ́táyọ̀ tó lọ síbi iṣẹ́, ó máa ń kúnlẹ̀ níwájú tábìlì. "Ẹ káàárọ̀, mà," á wí, á sì dúró díẹ̀, bó ṣe máa ń dúró de ìdáhùn tẹ́lẹ̀.