Ibi Tí Ìlà Náà Ti Rẹlẹ̀ Jù

2.

…bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí Jael ṣe pa kọ̀ǹpútà náà dé níwájú ọmọ mẹ́tàlélógójì, tó ní kí wọ́n máa lọ jẹun, nígbà tí aago mẹ́wàá kò tíì lù.

Inú ń bí i. Ẹ má bi mí pé sí ta ni. Òun náà kò tíì mọ̀.

1.

Ó yẹ kí èyí ṣáájú. Ẹni tí inú ń bí kì í to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ.

ÌKÉDE
Sí gbogbo olùkọ́ ìṣirò. Àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n gbọ́dọ̀ bá wa níbi tí a ti ń ya gíráàfù lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀gbẹ́ni Taoheed yóò kọ́ yín. Ẹ má sọ pé ẹ ti dàgbà jù.
— Pirinsípà

3.

Ohun tí Taoheed kọ sórí pépà, tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà:

Ẹ ṣí ápù náà.
Ẹ tẹ ìdọ́gba yín sínú àpótí ọwọ́ òsì.
Ìlà á yọ fúnra rẹ̀.
Ẹ fọwọ́ kan ibikíbi lórí ìlà náà, á sọ iye tó wà níbẹ̀.
Tí ẹ bá yí nọ́ńbà kan padà, ìlà á yí padà lójú yín.
Ẹ má bẹ̀rù, ma. Kò lè bàjẹ́.

4.

Àǹtí Jael Ọlápàdé ti lo ọdún méjìlélógún nídìí ẹfun, nílé-ẹ̀kọ́ kan ní Sùúrùlérè. Ìdọ́gba tó mọ̀ bí orúkọ ara rẹ̀ ló tẹ̀ sínú àpótí náà, èyí tó ń jáde nínú ìdánwò SS1 lọ́dọọdún:

y = 2x² − 5x − 3

Ó ti ya àtẹ rẹ̀ sójú pátákó.

x: −2 | −1 | 0 | 1 | 2 | 3 | 4
y: 15 | 4 | −3 | −6 | −5 | 0 | 9

Ó bi wọ́n pé níbo ló rẹlẹ̀ jù. Gbogbo kíláàsì dáhùn pé −6. Ó ní kí wọ́n wò ó bí kọ̀ǹpútà náà yóò ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ó fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ìlà náà.

(1.25, −6.125)

5.

Ó tún fọwọ́ kàn án.

(1.25, −6.125)

6.

Láàrin 1 àti 2, ìlà náà ṣì ń sọ̀kalẹ̀. Àtẹ kò débẹ̀. Àwọn ọmọ rí i. Wọ́n dákẹ́, nítorí wọ́n ti kọ́ wọn láti máa dákẹ́.

7.

Yàrá àwọn olùkọ́. Ọjọ́rú.

ÀǸTÍ JAEL: Taoheed, ìgbà wo lo ti mọ̀?
TAOHEED: Mọ kí ni, ma?
ÀǸTÍ JAEL: Má fi mí ṣeré.
TAOHEED: Láti ọdún tí mo ti dé, ma.
ÀǸTÍ JAEL: Ọdún mélòó nìyẹn?
TAOHEED: Mẹ́fà, ma.
ÀǸTÍ JAEL: O sì ń fi −6 máàkì fáwọn ọmọ?
TAOHEED: Ẹ̀yin lẹ fún wa ní ìwé ìdáhùn, ma. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wò yín lójú, kí n ní ẹ ṣì í?

8.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ta ló wá dá ilé-ẹ̀kọ́ yìí?

9.

Kì í ṣe Àǹtí Jael ló kọ́kọ́ kọ ìwé ìdáhùn náà. Alàgbà Fàsásì tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ló kọ ọ́. Lọ́dún àkọ́kọ́ rẹ̀, Àǹtí Jael rí àṣìṣe yẹn. Ó mú ìwé náà lọ́wọ́ lọ sí ọ́fíìsì bàbá. Ó kúnlẹ̀, ó kí i, ó béèrè àlàáfíà ìyàwó, ó sì padà síta.

Bàbá fẹ̀yìn tì. Obìnrin náà tún ìwé ìdáhùn náà dà kọ, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó fi −6 sílẹ̀.

Ẹ ní ṣé ó gbàgbé ni? Ohun téèyàn bá ń wí fún ogún ọdún, ó lè mọ̀ pé irọ́ ni, kó sì tún gbà á gbọ́.

10.

Ọdún 2018. Ìdáhùn Jameelah, ọmọ SS1 kan: *Láàrin 1 àti 2, bíi −6.1.*

Bírò pupa: ✗ *Ka àtẹ rẹ dáadáa.*

Máàkì méjì ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ọgọ́ta ló ń gbé ọmọ wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Méjìdínlọ́gọ́ta ni Jameelah gbà. Ó mú ìwé rẹ̀ wá láti ṣàlàyé. Àǹtí Jael ní kó kúnlẹ̀, kó kọjú sí ògiri, nítorí pé ó ń bá àgbà jiyàn.

Pápá Àjàó ni Jameelah ti ń ránṣọ báyìí.

11.

ÀǸTÍ JAEL: Ẹ̀yin ọ̀gá, ìdáhùn kẹrin nínú ìdánwò SS1 kò tọ̀nà. Ọmọ márùn-ún láti kíláàsì mìíràn ló kọ èyí tó tọ̀nà, a sì fàlà sí i fún wọn. Ẹ jẹ́ ká tún un máàkì kí èsì tó jáde lọ́jọ́ Ẹtì.
PIRINSÍPÀ: Lójú àwọn alábẹ̀wò? Ẹ bá wa bò ó, ẹ jọ̀ọ́. Ká tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.

12.

~~Jameelah, iṣẹ́ ńkọ́?~~

~~Jameelah ọmọ mi, ó tó ọjọ́ mẹ́ta.~~

~~Jameelah, kọ̀ǹpútà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn wá pé~~

Jameelah, ìdáhùn tìrẹ ló tọ̀nà. Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Má bínú.

13.

JAMEELAH: Mo ti rí i, ma.

JAMEELAH: Àwọn tọdún yìí ńkọ́?

14.

Ọjọ́bọ̀. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìwé èsì wà lórí tábìlì, Àǹtí Jael sì gbé ọwọ́ lé e. Taoheed dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ gbé e lọ fún pirinsípà.

Ó ní, “Ṣé bó ṣe wà yìí ni kí n gbé e lọ?”

Ọdún mẹ́fà, kò bá a sọ̀rọ̀ rí láì fi “ma” sí i.