Òkúta Funfun Etí Òdòdó Mi

Ẹni tó bá ti yin ọbẹ̀ mi kó tó tọ́ ọ wò, ojú olè lèmi Aune fi ń wò ó. Bí Gaetan Veilleux ṣe wọ ilé mi nìyẹn. Kò tíì jókòó, ó ní òórùn ọbẹ̀ ẹ̀wà náà ń rán òun létí ìyá òun. Ẹ̀wà ọ̀hún ti jóná nísàlẹ̀. Mo wo ìdí ìkòkò, mo wo ẹnu rẹ̀, mo sọ fún ara mi pé, "Aune, di àpò rẹ mú."

Gaetan ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń wá wúrà nínú igbó tó wà lẹ́yìn adágún wa. Ó háyà abà tí Urho ọkọ mi fi sílẹ̀ nígbà tó kú, kó lè máa kó òkúta sí i. Ẹ̀rọ wọn a lu ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀, a sì fa òkúta jáde ní ọ̀pá-ọ̀pá, gbọọrọ bí ìrèké. Raili ọmọ mi ló gbà síṣẹ́ láti máa fi ayùn la ọ̀pá wọ̀nyí sí méjì. Ìdajì kan á lọ sí ilé àyẹ̀wò, ìdajì kejì á dúró sínú àpótí nínú abà, kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè wá fojú ara rẹ̀ rí i.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ náà tí mo fẹ́ràn gan-an, torí ó jọ ìwà mi. Bí Raili bá ń di òkúta sápò, á máa ki òkúta òfo bọ àárín wọn, òkúta lásán tí kò ní wúrà kankan nínú, kò sì ní sọ fún àwọn ará ilé àyẹ̀wò èwo ni. Bí wọ́n bá wá dáhùn pé wúrà wà nínú òkúta òfo, a jẹ́ pé nǹkan ń rùn. Bóyá ẹ̀rọ wọn dọ̀tí, bóyá ẹnìkan ti mọ̀ọ́mọ̀ bu wúrà sínú àpò òkúta kó lè jọ pé wúrà pọ̀ nílẹ̀. Ká ní mo mọ ọgbọ́n yìí nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́ ni, ǹ bá ti fi dán àwọn ọkùnrin kan wò kí n tó fẹ́ Urho.

Owó Gaetan ti ń tán lọ. Àwọn olówó wà ní Toronto tí wọ́n ṣe tán láti bá a dókòwò, ṣùgbọ́n òfin ò gbà kó kàn la ẹnu kó ní wúrà wà. Àfi kí onímọ̀ òkúta kan tí kò jẹun lábẹ́ rẹ̀ wá síbẹ̀, kó yẹ gbogbo rẹ̀ wò, kó kọ ìròyìn, kó sì fi orúkọ àti òǹtẹ̀ ara rẹ̀ sí i. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, orúkọ onítọ̀hún ló máa jóná.

Ẹni tó wá ni Oksana Hrynchuk, obìnrin gíga, onírun funfun, tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó kọ̀, kò wọ ọkọ̀ Gaetan. Yàrá tó sùn sí nílé mi, òun fúnra rẹ̀ ló sanwó rẹ̀. Ó rin inú igbó títí dé ẹnu ihò tí wọ́n gbẹ́, eṣinṣin dúdú sì jẹ ẹ́ débi pé ọrùn rẹ̀ wú. Ó padà wá, ó bi mí pé, "Màmá Aune, àwọn wo ló ní kọ́kọ́rọ́ abà yìí?"

"Èmi, Raili, Gaetan. Ajá náà ń wọlé nígbàkígbà tó bá wù ú, torí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ò ṣeé tì."

Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Àfìgbà tí a jókòó jẹun lọ́jọ́ kan, tí Oksana fi síbí rẹ̀ lélẹ̀, tó ní, "Àwọn òkúta òfo mú wúrà wá."

"Ilé àyẹ̀wò yẹn ló dọ̀tí," ni Gaetan wí.

"Mo ti bi wọ́n. Òkúta òfo táwọn fúnra wọn ń lò mọ́ tónítóní."

"Tóò. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń ki òkúta òfo bọ àpò lọ́dọ̀ wa." Ó ń wo inú abọ́ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Raili ní, "Ṣé èmi lẹ ń bá wí?"

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

"Ẹ ò dárúkọ. Ẹ kàn ń fi síbí júwe ni."

Níbi tiwa, o lè mutí yó kí o fọ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, wọn á gbàgbé. Ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó bu wúrà sápò, kò sí abà tó máa gbà á síṣẹ́ mọ́ títí ayé. Iṣẹ́ yìí nìkan sì ni Raili mọ̀. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kó ẹrù lọ, òun ló fi ń jẹun.

Ọ̀dọ̀ Gaetan ni ọkàn mi lọ tààrà. Èmi ni mò ń fọ aṣọ rẹ̀. Mo kó ṣòkòtò rẹ̀ gbogbo jọ, mo tú àpò wọn síta, mo sì fi asẹ́ ìyẹ̀fun mi sẹ́ omi ìfọṣọ rẹ̀, bóyá eruku wúrà á jókòó sínú rẹ̀. Ìwọ̀ ẹja kan ni mo rí, èyí tó gún mi lọ́wọ́, àti ṣingọ́ọ̀mù tí ẹnìkan ti jẹ.

Raili ká mi mọ́bẹ̀. "Màámi, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń wa kùsà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi asẹ́ yẹn ṣe búrẹ́dì fún wa mọ́."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Mauno aládùúgbò wa gbé ẹja wá. Inú ń bí mi, mi ò rí Gaetan mú, ni mo bá kọjú sí Mauno. Òkúta funfun tí mo tò yí òdòdó mi ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ooru tí a ti ń wẹ̀ ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀, etí òdòdó náà ti dà bí ẹnu arúgbó tó ká eyín.

Mo ní, "Mauno, kó òkúta mi wá."

"Aune, kí ni mo fẹ́ fi òkúta rẹ ṣe? Ṣé mo fẹ́ sè é jẹ ni?"

"Èmi ò mọ ohun tí o ń sè. Ìwọ nìkan ló ń gba ẹ̀yìnkùlé mi kọjá."

"Ojú rẹ ni mò ń wá wò níbẹ̀. Òkúta kọ́."

Oksana gbójú sókè lórí kọfí rẹ̀. Raili gbé ife tirẹ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti funfun ju òkúta lọ.

"Màámi, ẹ fi Mauno sílẹ̀. Èmi ni mo kó o."

Ó wá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Òkúta òfo tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, wọ́n ń rà á nínú àpò ní ìsọ̀ àwọn olódòdó nínú ìlú ńlá. Ó tán. Gaetan ní kó ní sùúrù, owó ò tíì wọlé. Iṣẹ́ ò dúró dè é. Raili gba ojú fèrèsé wo òdòdó mi, ó rí òkúta funfun, ó kó díẹ̀, ó fọ́ ọ, ó dì í sápò. "Òkúta òdòdó náà kúkú ni wọ́n ń tà fún wa," ló wí. "Mo rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n."

Oksana yíjú sí mi. "Màmá, níbo lẹ ti rí tiyín?"

"Urho ló fi ọkọ̀ kó o wá láti orí àkìtàn ibi ìwakùsà àtijọ́, lọ́dún tí wọ́n tì í pa. Wọ́n ti dà á nù. Ó mọ́ lójú bí eyín ọmọdé."

Mauno wá àga jókòó. "Ojú ọ̀nà ilé mi náà, ibẹ̀ la ti kó o."

"Gbogbo ìlú ló kó o," ni mo wí.

Oksana ní, "Inú òkúta funfun yẹn gan-an ni wúrà máa ń sá sí. Ohun tí wọ́n dà nù láyé ọjọ́un, wúrà inú rẹ̀ ló kéré lójú wọn, kì í ṣe pé kò sí."

Mo ti ń retí kó dì mọ́ ọmọ mi. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ní, "Ìtàn tó dùn ni. Ìtàn tó bá dùn tó báyìí, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí." Ó mú òòlù, ó lọ síbi òdòdó mi, ó mú èyí tó wù ú níhìn-ín lọ́hùn-ún, ó fi èdìdì tirẹ̀ di àpò, ó sì wa ọkọ̀ lọ fúnra rẹ̀ sí ilé àyẹ̀wò mìíràn tí Gaetan ò mọ̀. Mo bú u lẹ́yìn. Àmọ́ ká sòótọ́, èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Títí èsì fi dé, Raili ò jẹun dáadáa. Èsì dé: wúrà wà nínú òkúta òdòdó mi, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èyí tí wọ́n rí nínú òkúta òfo dọ́gba. Mo pariwo, mo fẹ́ jó, orúnkún mi kọ̀.

"Ó tán nìyẹn," ni Gaetan wí, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́. "Ẹ bu ọwọ́ lù ú."

"Kò tíì tán," ni Oksana wí. "Òkúta òfo tí kì í ṣe òfo ò ṣọ́ ohunkóhun fún wa. Gbogbo àpò tó bá a lọ, mi ò lè fi orúkọ mi gbè é lẹ́sẹ̀. Ìdajì tó kù nínú abà la máa tún là, pẹ̀lú òkúta òfo gidi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìròyìn."

Nígbà tó yá, Gaetan pe Raili lọ sẹ́yìn ilé níbi tí a to igi ìdáná sí. Mo sáré gba ọ̀nà kejì, mo lóṣòó sẹ́yìn igi náà pẹ̀lú gbogbo ìdí ńlá mi yìí.

"Jẹ́ ká sọ fún un kó kọ ọ́ pé a ò mọ ibi tí òkúta yẹn ti wá," ni Gaetan ń wí. "Nítorí tìẹ ni mo ṣe ń sọ ọ́. Bó bá kọ ọ́ bó ṣe rí, gbogbo abà tó wà ní àríwá yìí ló máa fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Raili Olódòdó ni wọ́n máa pè ọ́."

"Bí wọ́n bá kà á pé a ò mọ̀ ńkọ́? Ta ni wọ́n máa fura sí?"

"Kò sẹ́ni tó máa fura sí ẹ."

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fura sí mi."

Ibẹ̀ ni orúnkún mi ti dún bí igi tó dá, Raili sì ní, "Màámi, ẹ dìde, ilẹ̀ yẹn tutù."

Ní ìrọ̀lẹ́, Oksana ka ohun tó kọ sí wa létí nídìí tábìlì. Ó dé ibi tó ti wí pé òkúta funfun náà wá láti ibi tí kò dájú, torí ẹni tó kó o wá ti kú.

"Ó dájú," ni Raili wí. "Ẹ kọ ọ́ pé inú ọgbà òdòdó ìyá mi ni mo ti kó o, pé orí àkìtàn ibi ìwakùsà àtijọ́ ni bàbá mi ti gbé e wá. Èmi ni mo kó o, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni."

"Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fowó síbẹ̀ ló máa kà á, Raili."

"Kí wọ́n kà á. Òmùgọ̀ lè ríṣẹ́ lọ́la. Olè ò lè rí i."

Mo ní kó fi orúkọ tèmi náà sí i, kó sì wí pé òdòdó náà lẹ́wà. Oksana ní òfin ò béèrè òdòdó. Gaetan ò tọ́ ọbẹ̀ wò lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì yìn ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rò pé bóyá kì í ṣe olè. Bóyá.

Yẹ̀yẹ́ náà dé lóòótọ́. Ní ìsọ̀, ẹnìkan bi Raili bóyá ó ní òkúta òfo tó fẹ́ tà. Ó ní òun ní, àmọ́ ó wọ́n.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa tún la ìdajì tó kù, gbogbo wa wà nínú abà. Oksana yẹ àpótí wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé àpò òkúta òfo tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rà ka iwájú, ó sì ní kí Raili bọ́ sídìí ayùn.

Gaetan ní, "Ṣé òun náà ni?"

"Òun ló mọ̀ ọ́n là," ni Oksana dáhùn.

Ó fa àga kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn, ó jókòó, ó sì tẹjú mọ́ ọwọ́ Raili, kò ṣẹ́jú. Raili ká apá aṣọ rẹ̀ sókè dé ìgbọ̀nwọ́ kí Oksana lè rí i dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í là.