Ìwọ̀n Ọmọ Lórí Òṣùwọ̀n Ìṣó

Ìṣó ni mò ń tà lọ́jà Hédzranawoé, ní òdìkejì ibi tí àwọn káfíńtà ti ń kan àga. Rídúwánù lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Bàbá Oníṣó ni wọ́n ń pè mí, títí kan àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá mìíràn ju ìyẹn lọ. Ìsìlámíyátù ìyàwó mi ti kú. Àbúdù ọmọ mi wà ní Libreville, ó máa ń pè mí bí ọdún bá dé. Èmi kì í ráhùn o. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kí Ọmọ́yẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́dọ̀ mi, ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta kí n má sọ ju "Kílò mélòó lẹ fẹ́?" lọ.

Òṣùwọ̀n mi ní ojú bí aago, abọ́ irin sì wà lórí rẹ̀. Mo lẹ sítíkà kan mọ́ ojú rẹ̀, "Dieu merci," ìyẹn "ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run," irú èyí tí àwọn onítakisí ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Mo mọ ibi tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́. Lábẹ́ sítíkà yẹn, abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n kì í sinmi lórí òdo, igba gíráàmù ló ń sinmi lé, torí pé èmi ni mo yí ìdè tó ń darí rẹ̀ lẹ́yìn òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ẹni tó bá ra kílò kan, igba gíráàmù ti dín nínú rẹ̀ kó tó kúrò níwájú mi. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ìṣó ni, kì í ṣe oúnjẹ, ebi ò lè tìtorí rẹ̀ pa ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Ifẹ̀ apá Atakpamé ni Ọmọ́yẹni. Yàrá kan ló ń gbé nínú agboolé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, òun nìkan, nítorí pé Wilfried ọkọ rẹ̀ ń bá wọn ṣe ọ̀nà ní Kara. Ọjọ́ kẹta tó bímọ ló wọlé wá, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn.

"Bàbá, bonjour. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọn ọmọ."

"Ṣé ìṣó ni ọmọ tí a ó fi máa wọ̀n ọ́n?"

Ó ní ìbímọ náà le, wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán ojú ara òun tó ya, òun ò lè jókòó lórí ọ̀kadà zémì lọ sí ilé ìwòsàn. Carine tó gbẹ̀bí rẹ̀ ti ní bó bá rí òṣùwọ̀n nítòsí, kó wọn ọmọ náà kó sì pe òun.

Inú mi dùn jù. Mo da ìṣó kúrò, mo fi ọṣẹ fọ abọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì wọlé lọ mú ìborùn Ìsìlámíyátù kan tó fẹ́lẹ́, mo tẹ́ ẹ sínú rẹ̀. Ọmọ náà dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ kò. Kílò mẹ́ta géérégé ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Lórí òṣùwọ̀n mi, ó ku àádọ́ta gíráàmù kó pé mẹ́ta.

Ọmọ́yẹni pe Carine, ó jẹ́ kí èmi náà gbọ́ ọ. Faransé ni obìnrin náà ń sọ, ó sì yé mi. Ó ní gbogbo ọmọ tuntun ló máa ń rù díẹ̀ kí wàrà ìyá wọn tó dà dáadáa. Ó ní kí a má bẹ̀rù, àfi bí ohun tó sọnù lára rẹ̀ bá kọjá ọ̀ọ́dúnrún gíráàmù. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kí a gbé e wá lójú ẹsẹ̀.

Mo ṣe ìṣirò nínú ọkàn mi. Àádọ́ta, kí a fi igba tèmi kún un: igba ó lé àádọ́ta. Kò tíì kọjá. Mo gbé ọmọ náà padà fún ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún yà kí mi. Kò lè jókòó, ó kàn fara ti ilẹ̀kùn, ó ń sọ̀rọ̀ ilé wọn fún mi. Ìyá rẹ̀ kò sí láyé mọ́, kò sí ẹni tó lè bá a wẹ ọmọ. Mo kọ́ ọ bí Ìsìlámíyátù ṣe máa ń di orí ọmọ mú nínú omi. Nígbà tó lọ, mo rí i pé mo ti ń retí ọ̀la. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ó dé nígbà tí Marc káfíńtà àti àwọn méjì mìíràn ń ṣa ìṣó. A tún gbé ọmọ sínú abọ́. Abẹ́rẹ́ fi hàn pé ó ku àádọ́jọ gíráàmù kó pé kílò mẹ́ta.

"Très bien," ni Carine wí lórí fóònù. "Ó kù díẹ̀ kó máa pọ̀ sí i. Má wọ̀n ọ́n mọ́, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Àádọ́jọ, kí a fi igba kún un. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé àádọ́ta. Mo la ẹnu, mo rí Marc tó di ìṣó mi mú lọ́wọ́, Marc tó ti ń ra ìṣó lọ́wọ́ mi kí n tó yí òṣùwọ̀n náà rárá, mo sì pa ẹnu dé. Ọmọ́yẹni ń rẹ́rìn-ín. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìrora tó wà lára rẹ̀.

Gbàrà tí wọ́n lọ tán, mo yí ìdè náà padà, mo dá abẹ́rẹ́ padà sórí òdo. Ọgbọ́n mi ni pé bó bá mú ọmọ wá láàárọ̀ ọ̀la, òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ ni yóò sọ òótọ́, kò ní sí ẹni tó máa mọ nǹkan kan. Ọgbọ́n àgbàlagbà!

Ilẹ̀ mọ́, mo fọ abọ́, mo tẹ́ ìborùn, mo ń wo ọ̀nà. Kò wá. Carine ti ní kó má wọ̀n ọ́n mọ́, kí ló máa wá ṣe? Aago mẹ́wàá kọjá. Mo ta kílò méjì fún ẹnì kan, mi ò mọ ẹni tí mo tà á fún. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ tíì pé mẹ́wàá. Mo dìde, mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbayawu.

Mo bá a nínú yàrá rẹ̀. Ọmọ náà ń sùn.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni o, kì í sunkún mọ́. Oorun ló ń sùn ṣáá."

Ètè ọmọ náà gbẹ. Mo ní, "Ọmọ mi, òṣùwọ̀n mi kò tọ́."

"Ó ti gbó ni?"

"Kò gbó. Èmi ni mo yí i."

Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè mi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ sì dúró níbẹ̀ nígbà tí Carine ń sọ̀rọ̀."

"Mo dúró níbẹ̀."

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi.

A gbé ọmọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì ya sítíkà yẹn dànù níṣojú àwọn káfíńtà tó wà níbẹ̀. Ó ku irinwó gíráàmù kó pé kílò mẹ́ta. Carine ní lórí fóònù pé kí wọ́n máa bọ̀ kíá. Marc béèrè ìdí tí iye náà fi já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti àná, mo sì sọ fún un, igba gíráàmù lórí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, láti ọdún mẹ́sàn-án. Ó sáré gbé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó fi ń kó àga, ó tẹ́ fóòmù sínú rẹ̀ kí ìyá ọmọ lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Mo fẹ́ gùn ún.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Bàbá," ni Ọmọ́yẹni wí. Ó ṣì ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò ní ilé ìwòsàn. Mo gbọ́ pé ọmọ náà kò mọ bí a ṣe ń di ọmú mú, pé ṣíbí ni wọ́n fi ń bu wàrà ìyá rẹ̀ sí i lẹ́nu kó tó mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ lẹ́yìn tí wọ́n dé, mo gbọ́ ariwo àwo àti ẹ̀rín láti ìdí ògiri. Mo ti wọ agbádá láti àárọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo bọ́ ọ.

Ọ̀nà kejì ni Ọmọ́yẹni ń gbà jáde báyìí. Àwọn káfíńtà ti ra òṣùwọ̀n tiwọn, wọ́n ń lọ ra ìṣó níbòmíràn. Mi ò bínú sí wọn. Inú mi bàjẹ́ ni, àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà.

Lẹ́yìn bí oṣù kan àbọ̀, Marc dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Elizabeth ti pé kílò mẹ́rin," ló wí, ó sì lọ.

Bí mo ṣe mọ orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Mo wo abẹ́rẹ́, ó wà lórí òdo. Mo wọn ìṣó kílò mẹ́rin, mo dì í sínú ìborùn Ìsìlámíyátù, mo sì gbé e mọ́ àyà. Ó wúwo. Mo jókòó bẹ́ẹ̀ títí oníbàárà kan fi dé, tó béèrè bóyá títà ni ìṣó ọwọ́ mi.

Mo ní rárá, ó ti ní ẹni tó ni ín.