Bọ́ọ̀lù Tó Ń Lọ Síta

Ẹ wò mí dáadáa. Èmi Mósè, ọmọ Ayétòrò, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, orúnkún mi méjèèjì ń dún bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí epo tán nínú rẹ̀. Mo dúró lórí pápá tẹníìsì ní Igbokoda, lọ́jọ́ àṣekágbá ìdíje ọkùnrin ẹlẹ́ni-méjì-méjì, ẹ̀rù sì ń bà mí. Kì í ṣe àwọn ọmọkùnrin Ìlọrin méjì tó wà lódìkejì nẹ́ẹ̀tì ló ń bà mí lẹ́rù o. Táyé ni, ẹni tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń gbá a!

Ọdún mẹ́wàá la ti jọ wà. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí mo rí i ní Etikan, tó ń fi àjẹ̀ ọkọ̀ gbá ọsàn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí ni kóòṣì kan láti Èkó, Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀, pè é sí kọ̀rọ̀. Ó ní ẹsẹ̀ ẹni tó ń bá Godspower, ọmọ tí òun ń kọ́, gbá ti rọ́, ìdíje Àbújá sì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Táyé fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi. Kò mọ nǹkan í fi pamọ́.

"Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ní bí a bá borí lónìí, àwa méjèèjì ti wọ Àbújá nìyẹn, kí n máa tẹ̀lé bàbá arúgbó mi lọ, ẹ̀yin ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀."

"Bí wọ́n bá lù wá ńkọ́?"

"Wọ́n ní àwọn á mú mi."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní kò burú."

Kò burú! Ta ló fẹ́ bá ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń dún gbá bọ́ọ̀lù? Bí Táyé bá lọ, ó parí fún mi nìyẹn.

Àrùn kan sì wà lára mi. Orí pákó tí wọ́n tẹ́ sójú omi la ti kọ́ tẹníìsì ní Ayétòrò. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo la ní. Ẹni tó bá jẹ́ kó kọjá òun, òun ni yóò bẹ́ sómi lọ mú un wá, àwọn ìyókù á sì máa bú ìyá rẹ̀ títí yóò fi gòkè. Ọwọ́ mi kò wá mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kọjá. Nínú ìdíje gidi, bí bọ́ọ̀lù ọ̀tá bá ń lọ síta, kí o ká ọwọ́ kò ni, ìwọ lo jẹ. Èmi? Mo ti fò mọ́ ọn bí ológbò tó rí ẹja. Mo ti fi méje ta wọ́n lọ́rẹ lọ́jọ́ náà.

"Ẹ fi í lẹ̀, bọ̀ọ̀dá! Ẹ fi í lẹ̀!" Ohùn Táyé ti há.

Moríkẹ́ tó ń ta omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà náà dá tirẹ̀ sí i: "Mósè! Sìmẹ́ǹtì nìyẹn o, kì í ṣe odò! Kò ní rì!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Omi ń bọ́ lójú mi, mo ní òógùn ni.

A jẹ ìpele kan, wọ́n jẹ ìkan. Ó wá ku èyí tó ń parí ìjà: ẹni tó bá kọ́kọ́ pé mẹ́wàá, tó sì fi méjì ju ẹnìkejì lọ. A dé mẹ́sàn-án, wọ́n wà ní mẹ́jọ. Ẹyọ kan ló kù!

Ọmọ Ìlọrin kan gbé bọ́ọ̀lù sókè gba orí mi.

"Ẹ fi í lẹ̀!"

Mo fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú, bí ọlọ́pàá ṣe ń di olè mú. Ọwọ́ náà ń jà. Bọ́ọ̀lù kọjá. Ó sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó bà sórí ìlà funfun gan-an.

"Ó wọlé!" ni adájọ́ wí.

"Yéè!" Moríkẹ́ fi ọwọ́ lérí. "Ọjọ́ tó gbọ́ràn ló kú!"

Mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án. Kí n tó mí, wọ́n ti pé mẹ́wàá. Òmíràn tún gba orí mi bọ̀. Táyé kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Mo tẹjú mọ́ ọn, mo rọ ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó jáde, kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Mẹ́wàá sí mẹ́wàá! Inú mi dùn títí wọ́n fi jẹ ẹyọ kan sí i.

Èyí tó tẹ̀ lé e, orí Táyé ló gbà. Ó ga, ó ń lọ síta, afọ́jú á rí i.

"Fi í lẹ̀, Táyé!"

Táyé fò. Ó gbá a. Nẹ́ẹ̀tì ló há sí.

Ó tán.

Mo di í lọ́rùn ẹ̀wù mú. "O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni! Èkó lo fẹ́ lọ!"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀rù bà mí ni." Ó ń sunkún bí ọmọdé. "Èyí tí mo ní kí ẹ fi lẹ̀, ó wọlé. Mo ní n kò tún ní fi èyíkéyìí lẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá lọ!"

Ibẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀ ti ń bọ̀, irùngbọ̀n funfun, ó rọra ń rìn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì gbígbóná.

"Kóòṣì, mo bẹ̀ yín, ẹ má mú ọmọ yìí lọ."

"Ta ló ń wá ọmọ?" ni ó wí. "Dìde. Ìwọ ni mo wá bá. Godspower lágbára, ṣùgbọ́n gbogbo bọ́ọ̀lù ló ń lé. Àgbà tó lè dúró jẹ́ẹ́ ni mo ń wá fún un. Mo rí ọ ní mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, mo sì yí ọkàn padà."

Mo la ẹnu láti sọ pé rárá. Ọlọ́run gbọ́, rárá ló wà lórí ahọ́n mi.

"Ọjọ́ wo la ó gbéra?" ni ẹnu mi sọ.

Mi ò lè wo ojú Táyé. Kò bú mi. Ó lọ sídìí ìjókòó, ó fi aṣọ nu rákẹ́ẹ̀tì mi, ó kì í bọ inú àpò, ó sì gbé àpò náà kọ́ mi léjìká.

"Àárọ̀ ọ̀la ni, bọ̀ọ̀dá," ni ó wí. "Wọ́n ti sọ fún mi láàárọ̀, nígbà tó jẹ́ èmi ni wọ́n fẹ́ mú."